Ọ̀gá Tó Dé Ṣáájú Olè

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó máa ń wúkọ́ kó tó wọ yàrá ara rẹ̀ rí, kí àga àti tábìlì lè mọ̀ pé òun ń bọ̀? Bí ẹ kò bá tíì rí i, a jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ Ọ̀gá wa. Ọ̀gá ni olórí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó sanra níwọ̀nba, ó ga níwọ̀nba, ohun kan ṣoṣo tí kò ní ìwọ̀n lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kì í ní kí wọ́n bu omi wá. Á ní, "Ní orúkọ ipò tí a fi mí sí, àti nítorí àlàáfíà gbogbo ará ìlú, mo pàṣẹ kí omi tútù kan yọjú sí mi."

Igbákejì rẹ̀ ló máa ń gbé omi náà wá. Iṣẹ́ mìíràn tí ọkùnrin yìí ń ṣe ní àgọ́ kò yé ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ àtẹ́wọ́ pa bíi tirẹ̀. Ọ̀gá sín, ó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá buwọ́ lùwé, ó pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kó fojú lélẹ̀. Igbákejì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dúró padà! Àràmàǹdà ni yín, sà!"

Irú àgọ́ báyìí ni ìròyìn ayọ̀ ti bá Ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi ẹjọ́ kan tí Ọ̀gá bójú tó ṣe fíìmù. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bó Ṣe Ṣẹlẹ̀ Gan-an. Wọ́n á mú ìwà ọ̀daràn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí kọ́tù ti dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di eré, gbogbo ìlú á sì jókòó wò ó. Àṣà kan wà nínú ètò náà tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn gan-an. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá tó bójú tó ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ wá jókòó sórí àga pupa kan, kó kọjú sí kámẹ́rà, kó sì búra pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ ife wúrà ni wọ́n mú lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún yín kí Ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, torí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, a ò ní ráyè mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ẹnì kan wọ gbọ̀ngàn ìlú, ó fọ́ àpótí onígíláàsì tó wà níbẹ̀, ó gbé ife wúrà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa gbà láyé àwọn bàbá wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n pe Ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní, "Olè wo ló ń jalè nínú òjò?" Ó yí ìrọ̀rí padà, ó sì bá oorun rẹ̀ lọ.

Igbákejì ló lọ síbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí nǹkan kan àfi òòlù kan lójú fèrèsé yàrá kejì, níbi tí káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá gbàgbé rẹ̀ sí. Ó gbé òòlù náà lọ bá Ọ̀gá nílé. Nígbà tí òòlù yìí máa fi dé kọ́tù, ìtàn rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Ọ̀gá búra níwájú adájọ́ pé òun fúnra òun dé gbọ̀ngàn ìlú ní kété tí olè jáde, pé òun fojú ara òun rí òòlù káfíńtà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó fọ́, tí omi òjò ṣì ń kán lára rẹ̀. Omi òjò tó ń kán yìí dùn létí adájọ́. Wọ́n ní kí káfíńtà lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Kò sí ẹni tó rí ife wúrà kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìyá àgbà kan wà nínú ìlú tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lẹ́wọ̀n, nítorí pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan fẹ́ràn oorun ọ̀sán. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ti ń bá ẹ̀fẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń ṣe àwọn fíìmù náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáámù Olùdarí, gbé ìwé eré wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ọ̀gá ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè sá lọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá dé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà. Ohun tí ẹ sọ ní kọ́tù ni mo tẹ̀ lé."

"Kọ́tù nìyẹn, màdáámù. Tẹlifíṣọ̀n nìyí. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó máa ń dé lẹ́yìn olè?"

"Wọn ò jọ ọ́ rárá!" Igbákejì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àwọn ọ̀gá mi lókè á wò ó. Àwọn àna mi á wò ó. Ẹ jẹ́ kí n dé nígbà tí olè ń gba ojú fèrèsé jáde."

Màdáámù lọ tún un kọ. Nígbà tó padà wá, Ọ̀gá kà á, ó mi orí. Ó ní ẹsẹ̀ olè nìkan ni òun rí, ṣé ẹsẹ̀ olè ló yẹ kí ènìyàn bíi tòun rí? Kí wọ́n jẹ́ kí òun dé nígbà tí ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màdáámù tún lọ, ó tún bọ̀. Ọ̀gá ní kí ló dé tí gíláàsì ti fọ́ kí òun tó dé?

Màdáámù gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú o, sà. Bí a bá tún yí i padà, ẹ máa dé ṣáájú olè."

Ọ̀gá fẹ̀yìn ti àga. Ó fẹ́ bínú, àmọ́ bí ó ti ń yí ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kàn ara rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Kí ó dé ṣáájú olè! Èrò náà wọ̀ ọ́ lára bí aṣọ tuntun.

"Màdáámù," ó ní, "ẹnu yín ni òótọ́ ti jáde. Ọlọ́pàá yẹpẹrẹ máa ń dé lẹ́yìn olè. Ọlọ́pàá gidi máa ń bá olè pàdé. Ní tèmi, mo ti wà níbẹ̀ ná."

Igbákejì pàtẹ́wọ́ débi pé aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni ẹ máa wá máa ṣe níbẹ̀, sà?"

"Màá wà lẹ́yìn kọ́tìnì."

"Olè á fọ́ gíláàsì, á gbé ife, ẹ̀yin á sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì?"

"Màá máa ṣèwádìí rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò ní mú un?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí fíìmù náà tètè parí ni?"

Màdáámù rán an létí pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa jókòó sórí àga pupa, tó sì máa búra. Ọ̀gá ní òun á jókòó, kí wọ́n ṣáà fi tìmùtìmù sí i. Ẹ má bi mí bóyá obìnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní, "Ó dáa, sà," tó sì kó ìwé rẹ̀. Mi ò sí nínú ọkàn rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kò tún bá a jiyàn mọ́.

Wọ́n gba òṣèré arẹwà kan, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, láti ṣe Ọ̀gá nínú eré. Ọ̀gá ní kó wá dúró ti òun níwájú dígí. Ó wo dígí náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kéde pé ẹnikẹ́ni kò lè ṣe òun bíi tòun, pé kí wọ́n fi arẹwà náà ṣe olè. Báyìí ni Ọ̀gá ṣe di òṣèré, tí òṣèré di káfíńtà.

Inú gbọ̀ngàn ìlú gan-an ni wọ́n ti ṣe eré náà. Torí pé oòrùn ń ràn, ọkọ̀ panápaná ló wá ń fi rọ́bà omi rọ òjò sí ojú fèrèsé láti ìta. Ọ̀gá ní òjò náà kò gbọdọ̀ kan òun, torí ìyàwó òun ti lo sítáàṣì sí yunifọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn, bí ẹ bá wo fíìmù náà, tí òjò fi ń pa gbogbo ènìyàn, tí Ọ̀gá sì ń kọjá láàárín rẹ̀ ní gbígbẹ. Kọ́tìnì àkọ́kọ́ kò bo ikùn rẹ̀. Wọ́n wá kọ́tìnì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikùn wọlé, bàtà yọ síta. Wọ́n ní kí bàtà wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí ó bá mọ síbẹ̀, ìbá dáa. Ọ̀gá tún ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó kọjá sí ìfẹ́ tí ó ní sí ìlú, ó sì parí rẹ̀ sí ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ohùn òkè ló fi sọ gbogbo rẹ̀, olè sì dúró nítòsí rẹ̀.

Òṣèré arẹwà náà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé n kò ní gbọ́ yín ni?"

"Olè kì í gbọ́rọ̀," ni Ọ̀gá fèsì. "Bó bá ń gbọ́rọ̀, ṣé ó máa jalè?"

Ibi tí wọ́n ti ń sinmi ni ìyá káfíńtà bá wọn. Bí ó ti wọlé, tó rí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ káfíńtà tó kẹ̀yìn sí i, ó sáré síwájú díẹ̀. Òṣèré yíjú padà. Ìyá náà dúró, ó fi ọwọ́ di àyà, lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọ́n ní ẹ tún ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo ní bóyá bí ẹ ti ń tún un sọ yìí, ẹ máa rántí pé kì í ṣe òun."

"Ẹ dìde, màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa rí ọmọ yín lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo arẹwà tí a fi ṣe é! Ìyá mélòó ló rí irú oore yìí?"

Ìyá wo òṣèré náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ tèmi ò ga tó yìí. Èyí tí mo bí yẹn náà ni mo fẹ́." Ó nu ojú. "A ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Agbẹjọ́rò ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ rí òòlù níbẹ̀, pé àfi bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ yín padà, kò sí ohun tí òun lè ṣe."

"Màmá, ẹ bi gbogbo ayé. Èmi kì í yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Ìwé eré tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ní ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lábíyá rẹ̀ bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá dìde, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ohun kan gún Ọ̀gá láyà bó ṣe ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò pé ebi ni, ó ní kí wọ́n gbé búrẹ́dì wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà hàn, pálọ̀ Ọ̀gá kún fún àna, aládùúgbò, àti àwọn tí wọn kò pè. Ojú Ọ̀gá kọ́kọ́ yọ lórí àga pupa. "Ohun gbogbo tí ẹ máa rí yìí," ó ní, "bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀, mo sì búra." Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí ẹni tó jókòó tì í fi sún kúrò.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọ gbọ̀ngàn, Ọ̀gá bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, bàtà yọ. Olè arẹwà wọlé, òjò ti pa á, ojú rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń ṣe pẹ̀lẹ́ sí i. Ó fọ́ gíláàsì. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Olè gbé ife. Ọ̀gá ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Olè jáde. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá ṣí kọ́tìnì, ó na ìka sí òòlù nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Bàbá ìyàwó Ọ̀gá, àgbàlagbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú nígbà èwe rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́. O ti wà níbẹ̀ kí olè tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì ń wò ó bó ṣe ń gbé ife wa lọ?"

"Mò ń ṣèwádìí, sà."

"Ibo wá ni ife wa wà?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá kàn ní, "Ẹ bu omi wá."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìbéèrè àna rẹ̀ ti kárí ìlú. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní ilé onígbàjámọ̀, wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́. Àwọn aláwàdà ń kí Ọ̀gá láti òdìkejì títì pé, "Ẹ kú ìwádìí, sà!" Àwọn kan ò tiẹ̀ ṣàwàdà mọ́, wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú olè, tó jẹ́ kí olè lọ, á mọ ilé olè. Ọ̀gá àgbà pè é láti òkè, ó ní, "Ṣé o wà níbẹ̀ àbí o ò sí níbẹ̀?" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ipò tí a fi òun sí. Ọ̀gá àgbà gbé fóònù sílẹ̀. Agbẹjọ́rò káfíńtà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ gba fíìmù náà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó mú un lọ sí kọ́tù. Igbákejì ránṣẹ́ pé ọwọ́ ń dun òun, òun ò ní lè wá síṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ọ̀gá jókòó ti tíì tó ti tutù. Bí òun bá ní òun wà lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n á ní òun ran olè lọ́wọ́. Bí òun bá padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òun ti búra èké níwájú gbogbo ìlú. Ó ń wá ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tó lè gba àárín méjèèjì kọjá.

"Màmá," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "mo rò pé bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa..."

"Dádì, ẹ sùn lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yín."

"Ẹnikẹ́ni ò bi ọ́."

"Wọ́n máa bi mí. Agbẹjọ́rò ti ní kí n wá. Mi ò dẹ̀ ní lè wo ojú ìyá yẹn kí n parọ́." Ó fa àga, ó jókòó tì í, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kó má jẹ́ ẹnu tèmi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni, Dádì."

Kọ́tù kún. Wọ́n ti tẹlifíṣọ̀n kan wọlé, wọ́n fi fíìmù náà hàn. Nígbà tí bàtà yọ lábẹ́ kọ́tìnì, akọ̀wé kọ́tù pàápàá ń fi ìwé bo ẹnu. Káfíńtà jókòó láàárín àwọn wọ́dà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rù. Ìyá rẹ̀ wà ní ìlà iwájú, báàgì kan lórí itan rẹ̀. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú báàgì náà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ nílé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé wọ́n máa dá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn gbé e wá.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ búra," ni adájọ́ wí. "Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní olè ti lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní olè ò tíì dé. Èwo ni ká mú?"

Ọ̀gá dìde. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Olúwa mi, ní orúkọ ipò tí a fi mí sí..."

"Wọ́n ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ yín lánàá, sà. Ẹ sọ̀rọ̀ ní orúkọ ara yín."

Ní orúkọ ara rẹ̀! Ọ̀gá kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá á rí Igbákejì, kò rí i. Ó rí ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ìyá tó di báàgì mú, ohun tó gún un láyà nígbà yẹn tún gún un, ó sì mọ̀ lọ́tẹ̀ yìí pé kì í ṣe ebi.

"Mi ò sí níbẹ̀," ó ní.

Adájọ́ ní kó tún un wí kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Mi ò sí níbẹ̀ rárá. Mo sùn. Òòlù yẹn, ilé ni wọ́n gbé e wá bá mi. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ti sọ láyé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ló kúrú jù. Òun ló sì ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tó máa fi jókòó, kò sí ẹjọ́ kankan mọ́ lọ́rùn káfíńtà. Bí ẹ bá ń béèrè ife wúrà, kò pẹ́ tí ẹni tó gbapò Ọ̀gá fi rí i lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Ọ̀nà tó gbà rí i kò le. Ó kàn lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, ó sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè.

Àwọn ènìyàn ń tú jáde. Ọ̀gá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn kọ́tù. Màá sọ fún yín ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ó ń retí kí ẹnì kan wá kí i. Ó ti sọ òótọ́, ó sì ti ná an ní gbogbo ohun tó ní, ó rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ pé ó káre. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé òpó ni.

Ìyá àti ọmọ dé. Ìyá fi ọwọ́ kan di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó fi èkejì di báàgì, ilẹ̀kùn sì wúwo. Ìyá wo Ọ̀gá lójú. Ọ̀gá na ara rẹ̀ ró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá wí, "ẹ bá wa di ilẹ̀kùn yẹn mú."

Ọ̀gá dì í mú. Ìyá kọjá, kò wẹ̀yìn. Káfíńtà tẹ̀ lé e, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, sà," bí ènìyàn ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá a di ilẹ̀kùn mú. Ojú ti Ọ̀gá gan-an. Ó dorí kodò, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú síbẹ̀, kódà nígbà tí kò sí ẹni tó ń kọjá mọ́.